Abẹ́rẹ́ oríkèé àtàǹpàkò

Abẹ́rẹ́ oríkèé àtàǹpàkò ni ìtọ́jú tí dókítà fi ń fa oògùn steroid sínú oríkèé ìdí àtàǹpàkò, kí ìrora làkúrègbé lè rọlẹ̀. Bí ohun dídán tó bo orí eegun bá ti jẹ, fífún aṣọ tàbí ṣíṣí ìgò a di ìnira. Ní 1951, Joseph Hollander ará Amẹ́ríkà ròyìn irú abẹ́rẹ́ oríkèé báyìí. Ìtura rẹ̀ lè tó ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wo àrùn náà sàn. Ó lè gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ sókè fún ìgbà díẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, UNIOSUN Teaching Hospital, Òṣogbo, àti Wesley Guild Hospital, Iléṣà, wà lára àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí aláìsàn lè lọ fún àyẹ̀wò.