Ọkọ̀ Òfurufú Tó Ń Ṣọ́ Òkun Wa
Ní Ẹgàn níbí, bàálù tó ń lọ sí Ìkẹjà la mọ̀. Ti òní yàtọ̀: ATR 42, èyí tí wọ́n ṣe fún ṣíṣọ́ òkun. Ìgbà kan wà tó jẹ́ Fokker F27 ni àwọn ọmọ ogun òfurufú wa ń lò. Ní 2009 àti 2010 ni ATR méjì dé láti Ítálì.

Rédà ló wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ó máa rí ọkọ̀ ojú omi láti òkèèrè, ṣùgbọ́n àmì tíńtín lásán ló ń gbé jáde. Kámẹ́rà tó ń ríran lóru ló máa sọ bóyá apẹja ni àbí ajalèlókun. Àmọ́ bàálù ò lè sọ̀kalẹ̀ lọ mú èèyàn! Bí ọkọ̀ ogun ojú omi bá jìnnà, ìran lásán ló ń wò.

Ní 2020, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi 135 ni wọ́n jí gbé káàkiri àgbáyé. Nínú wọn, 130, Gulf of Guinea tiwa yìí ni wọ́n ti jí wọn. Etíkun Nàìjíríà nìkan lé ní 800 kìlómítà. Bàálù méjì!