Roger Williams àti Àwọn Narragansett: Òmìnira Ẹ̀rí-Ọkàn àti Ọ̀ràn Ilẹ̀

Bí a bá ń pìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, a sábà máa ń wí pé nítorí ẹ̀sìn ni wọ́n ṣe sá kúrò nílé. Òótọ́ ni fún àwọn kan lára wọn, ṣùgbọ́n òmìnira tiwọn nìkan ni àwọn Púrítàn tí ó tẹ Massachusetts dó ń wá. Roger Williams, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó gúnlẹ̀ sí Boston ní 1631, ni ó fi ara kó o.

Ó ní ìjọba kò láṣẹ lórí ẹ̀rí-ọkàn ẹnikẹ́ni. Ó tún ní ọba Gẹ̀ẹ́sì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ta ènìyàn lọ́rẹ: àwọn onílẹ̀ wà níbẹ̀, ọwọ́ wọn ni ó yẹ kí a ti gbà á. Ní oṣù kẹwàá 1635 ni a dájọ́ pé kí ó fi ìlú sílẹ̀. Nínú yìnyín oṣù kìn-ín-ní 1636 ni ó sá lọ.

Ta ni ó gbà á? Àwọn tí àwọn ará rẹ̀ ń pè ní kèfèrí ni. Canonicus àti Miantonomi, olórí àwọn Narragansett, fún un ní ilẹ̀ tí ó sọ ní Providence. Ó gbọ́ èdè wọn débi pé ó tẹ ìwé lé e lórí ní London ní 1643. Ẹni tí ó bá ti kọ́ èdè àjèjì lágbà yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Ní Providence, a kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni sìn, ìwé àṣẹ ọba ti 1663 sì fi òmìnira yìí múlẹ̀ fún gbogbo Rhode Island.

Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ sì ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó gbà wọ́n. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1675. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá, àwọn ọmọ ogun Massachusetts, Plymouth àti Connecticut dáná sun odi Narragansett tí ó wà nínú irà, tobìnrin tọmọdé inú rẹ̀. Ní oṣù kẹta 1676, àwọn jagunjagun onílẹ̀ jó Providence. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, Williams, tí ó ti darúgbó, wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó títa àwọn ìgbèkùn sóko ẹrú ọlọ́dún gbọọrọ.

Lójú tèmi, kì í ṣe alágàbàgebè. Ó gbà pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀rí-ọkàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ jẹ́ ohun tí a lè fi òtítọ́ rà. Kò sì sí ẹni tí ó lè dá ìrajà náà dúró. Ní 1880, Rhode Island kéde pé àwọn Narragansett kì í ṣe ẹ̀yà mọ́, ó sì ta èyí tí ó kù nínú ilẹ̀ àjùmọ̀ní wọn. Ọdún 1983 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó tún kà wọ́n sí ẹ̀yà.