Ta Ni Ìyáàlù? Ẹ̀rọ Ìlù àti Orin Ìbílẹ̀ Lójú Agbo

Láti 1990 ni a ti ń tọ ọ̀nà tí onímọ̀ orin Christopher Waterman là sílẹ̀ lórí orin jùjú: pé nígbà tí ẹ̀rọ agbóhùnsókè dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ńṣe ni àyè gba gángan àti ìlù mìíràn, nítorí pé ohùn àti gìtá kò rì mọ́ sábẹ́ wọn. Ẹ̀rọ ló mú kí jùjú túbọ̀ di ti Yorùbá. N kò bá a jiyàn. Àwọn tó na ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé orí synthesizer àti ẹ̀rọ ìlù ni mo ń bá wí.

Ẹ̀rọ agbóhùnsókè kì í ní kí olórin yára tàbí kó rọra. Ẹ̀rọ ìlù ló ń di àkókò mú. Nínú orin ìbílẹ̀, ẹni tó ń lé orin ló ni àkókò: ó lè fa ọ̀rọ̀ gùn, ó lè dákẹ́ kí èrò rẹ́rìn-ín tán, kó tó jọ̀wọ́ orin fún elégbè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ rí, orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn Àwórì Ọ̀tà àti àwọn Kétu ń ṣe; UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún àṣà aráyé ní 2001. Bú ènìyàn nínú ẹ̀fẹ̀ láìsí ìdákẹ́ yẹn, èébú náà kò ní dun ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́, omele ń pa ohun kan náà ṣáá. Ẹni tó bá ní àsọtúnsọ ẹ̀rọ ṣàjèjì sí wa kò tíì fetí sí omele. Ṣùgbọ́n omele ní etí. Bí ìyáàlù, ìlù tó ń ṣáájú, bá sáré, á sáré. Bó bá dẹwọ́, á dẹwọ́.

(Ẹ má sì sọ pé ohùn àrà ni ìṣòro. Egúngún ti ń pa ohùn dà tipẹ́. Ní Cairo lọ́dún 1944, olórin ará Íjíbítì, Halim El-Dabh, gba orin zaar, orin ìwòsàn àwọn ẹlẹ́mìí, sórí wáyà agbohùnsílẹ̀, ó sì yí ohùn rẹ̀ padà. Àmọ́ kò sí elégbè tó ń dúró dè é.)

Ẹ̀rí tí a kò kà sí wà lóde àríyá ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Oníkíbọ́ọ̀dù á tẹ bọ́tìnì, ìlù inú ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀. Bí olórin bá rí ẹni tó ń bọ̀ wá náwó, tó fẹ́ kì í, oríkì kì í gba ìdiwọ̀n ẹ̀rọ. Oníkíbọ́ọ̀dù tó mọṣẹ́ á fi ọwọ́ òsì pa ìlù náà, á fi ọwọ́ ọ̀tún máa tẹ̀lé olórin títí oríkì yóò fi parí, kó tó tún tan án. Kò sí ìwé tó kọ́ ọ.

Bóyá ọjà ló fa kí ilé-iṣẹ́ àwo Island Records àti King Sunny Adé pínyà lẹ́yìn àwo Aura, 1984, tí ẹ̀rọ ìlù pọ̀ nínú rẹ̀. Èmi gbà pé ipò ìyáàlù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onílù ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tony Allen, onílù Afrobeat, àti Jeff Mills, tó ń lo ẹ̀rọ ìlù, jọ ṣiṣẹ́, tí àwo wọn jáde ní 2018, ọwọ́ Mills kò kúrò lórí ẹ̀rọ. Allen ń yí ọwọ́ padà, ẹ̀rọ ń gbọ́. Ẹ fún onílù ìyáàlù Ọ̀tà ní pẹ́dà tí yóò máa fi ẹsẹ̀ dá ẹ̀rọ ìlù dúró, n kò rí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò tún pè ní àjèjì nínú orin náà.