Láti Igbó Irúnmalẹ̀ dé Ṣábẹ̀ẹ́: ọ̀nà jíjìn tí ìtàn àràmàǹdà gbà padà wálé

Ní ọdún 1938, ìwé méjì jáde tí ó yẹ kí a máa dárúkọ wọn pọ̀, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà dárúkọ pọ̀. Ìkíní ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kọ ní èdè Yorùbá, tí ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. sì tẹ̀ ní Èkó. Ìkejì ni Doguicimi, tí Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kọ ní èdè Faransé, tí a sì tẹ̀ ní Paris. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì. Àwọn méjèèjì mọ òwe, wọ́n mọ ìtàn àgbà, wọ́n sì mọ bí ọ̀rọ̀ ti ń dùn lẹ́nu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sọ. Síbẹ̀ Fágúnwà wọ inú igbó lọ bá àwọn ẹbọra, Hazoumé sì wọ ààfin ọba Gézò lọ ṣe àkọsílẹ̀ àṣà àti ogun. Ẹni kan ń kọ̀wé sí àwọn ará ilé rẹ̀, ẹnì kejì ń kọ̀wé sí àwọn tí ó jẹ gàba lé e lórí kí wọ́n lè mọ irú ẹni tí àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́.

Mo mú ọdún yẹn wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé nítorí ohun kan tí àwa olùkọ́ ń rí lójoojúmọ́. Ní Adido níhìn-ín, àti káàkiri Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ iléèwé girama tí ó ń ráhùn lórí ojú ìwé mẹ́wàá tí a ní kí ó kà a máa ka odindi ìwé ńlá mọ́jú, bí ó bá ti jẹ́ ìtàn ọmọbìnrin kan tí ó jogún agbára awo lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí ó sì fẹ́ràn ẹni tí kò yẹ kí ó fẹ́ràn. Ohun tuntun ni wọ́n ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí, ohun òyìnbó pàápàá. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ogún ilé wa ni. Ogún náà kàn rìn jìnnà púpọ̀ kí ó tó padà wọlé ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àrò, níbi tí a ti ń pa àlọ́. Ọdẹ kan wà lórí igi ní òru, ó rí ẹfọ̀n kan tí ó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó di arẹwà obìnrin, tí ó sì kọrí sí ọjà. Ọdẹ gbé awọ náà pamọ́ sínú àká, ó fẹ́ obìnrin náà, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní sọ ibi tí ó ti wá fún ẹnikẹ́ni. Ọtí ni ó tú àṣírí. Ìyáálé gbọ́, ó fi bú ìyàwó. Ìyàwó wá awọ rẹ̀ kàn, ó gbé e wọ̀, ó padà di ẹfọ̀n, igbó sì gbà á. Àwọn tí ń sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìtàn Ọya fi kún un pé ó fi ìwo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n máa fi pè é nígbà ìpọ́njú, ìdí sì nìyẹn tí ìwo ẹfọ̀n fi ń wà lójúbọ Ọya. Ẹ fi ìwo náà sọ́kàn. A ó tún bá a pàdé.

Àlọ́ kejì ni ti ọmọbìnrin tí ó kọ gbogbo ọkọ tí àwọn òbí rẹ̀ mú wá. Ní ọjọ́ ọjà, ó rí ọkùnrin kan tí ẹwà rẹ̀ kò ní àbàwọ́n, ó sì tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ti ń lọ lójú ọ̀nà ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn tí ó ni wọ́n: ó dá ẹsẹ̀ padà, ó dá apá padà, títí ó fi ku agbárí nìkan. Kò sí ilẹ̀ Yorùbá kan tí a kò ti ń pa àlọ́ yìí, yálà ní apá Nàìjíríà tàbí ní tiwa.

Inú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni Fágúnwà ti bu omi. Olùkọ́ ni ó jẹ́ ní iléèwé St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ nígbà tí Ẹ̀ka Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba Nàìjíríà ṣe ìdíje ìwé kíkọ ní 1936, láti inú rẹ̀ sì ni Ògbójú Ọdẹ ti jáde. Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìwé náà, kò kàn ṣàdédé di alágbára. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ olóògùn, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ àjẹ́. Ní ọjọ́ kan bàbá yìnbọn fún ẹranko kan tí ó ń ba oko ilá jẹ́. Nígbà tí ó padà délé, ìyàwó rẹ̀ ni ó bá ní òkú, apá kan ara rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, apá kejì jẹ́ ẹranko. Ọmọ tí a bí sáàárín ìbọn àti awọ ẹran ni ó wá wọ inú igbó lọ. Nígbà tí Fágúnwà kọ Igbó Olódùmarè ní 1949, ó padà sẹ́yìn láti sọ ìtàn bàbá yẹn, Olówó-ayé, àti bí ó ti pàdé Àjẹ́díran tí ó fi ṣe aya nínú igbó. Ní 1961, nínú Àdììtú Olódùmarè, ìfẹ́ bọ́ sí gbangba: Àdììtú àti Ìyùnadé ń kọ lẹ́tà síra wọn, lẹ́tà gígùn tí ó kún fún ìmọ̀ràn àti ọ̀wọ̀. Àwọn kan lónìí a máa fi ìwàásù inú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní tèmi, n kò mọ ibòmíràn nínú ìwé Yorùbá ìgbà náà tí ọ̀dọ́ ti lè rí bí a ti í fi èdè rẹ̀ kọ ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ báyìí.

Kí ló dé tí ìwé wọ̀nyí kò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wa ní Ṣábẹ̀ẹ́? Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Faransé àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Paris tí ó la ilẹ̀ Yorùbá sí méjì. Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdàáṣà bọ́ sí apá kan; Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Abẹ́òkúta bọ́ sí èkejì. Ní apá Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìjọ ajíhìnrere ti ń tẹ ìwé Yorùbá tipẹ́: Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ní 1843, ìwé ìròyìn Yorùbá tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ ní 1859, odindi Bíbélì sì ti wà ní Yorùbá kí ọ̀rúndún náà tó parí. Nígbà tí Fágúnwà fi máa mú gègé, àwọn òǹkàwé ti jókòó dè é.

Ní Dahomey, Faransé nìkan ni èdè iléèwé. Ọmọ tí ó bá ṣèèṣì sọ èdè ìyá rẹ̀, wọn a fi ohun ìtìjú kan kọ́ ọ lọ́rùn, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní signal, yóò sì wà lọ́rùn rẹ̀ títí yóò fi rí ọmọ mìíràn tí ó ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Ó ṣì kù nínú àwọn àgbà wa tí wọ́n gbé e kọ́rùn rí. Odò Ọ̀pàrà tí ó wà láàárín àwa àti Nàìjíríà kò gbòòrò tó ohun tí ìtàn kò lè là kọjá: àlọ́ ń kọjá, èrò ọjà ń kọjá, ìyàwó ń kọjá. Ìwé nìkan ni kò kọjá, nítorí a ti kọ́ ọmọ pé èdè tí a fi kọ ọ́ kì í ṣe èdè ìwé.

Nítorí náà, ọ̀nà mìíràn ni ìtàn náà gbà. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tí kò lò ju ọdún mélòó kan lọ ní iléèwé, tí ó sì jẹ́ òjíṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó, kọ The Palm-Wine Drinkard ní irú Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber tẹ̀ ẹ́ ní London ní 1952. Àlọ́ ọmọbìnrin àti agbárí tí a sọ lókè wà nínú rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1953, Raymond Queneau ti túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, Gallimard sì tẹ̀ ẹ́ ní Paris pẹ̀lú orúkọ L'Ivrogne dans la brousse. Ọdún kan péré! Fágúnwà ní tirẹ̀ dúró títí di 1968 kí Wole Soyinka tó gbé Ògbójú Ọdẹ lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rí olùtumọ̀ sí Faransé. Òǹkọ̀wé náà kò sì sí láyé mọ́ nígbà yẹn. Ó ti kú ní 1963. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó bá fẹ́ ka àlọ́ ìyá àgbà rẹ̀ nínú ìwé ní àwọn ọdún 1950, láti Paris ni yóò ti gbà á.

Ọ̀nà kejì tún jìnnà ju èyí lọ, ó sì korò. Àwọn ènìyàn tí a kó lẹ́rú láti ìhà tiwa, tí a sì tà ní etíkun, gbé òrìṣà wọn dé Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Títí di òní, ẹ̀ka Candomblé kan níbẹ̀ ń jẹ́ Ketu, orúkọ ìlú tí ó wà ní ìhà gúúsù wa. Pierre Verger, ayàwòrán ọmọ Faransé tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín Bahia àti Dahomey, gba Ifá ní Kétu gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó sì ń jẹ́ Fátúmbí láti ìgbà náà.

Ní Salvador, olú ìlú Bahia kan náà, ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà ní 1993, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti lọ ṣe ìwádìí lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard. Tomi Adeyemi ni orúkọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwòrán àwọn òrìṣà ti gbà á lọ́kàn, ìwé rẹ̀ Children of Blood and Bone sì jáde ní 2018. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òǹkàwé ní Amẹ́ríkà ni wọ́n rà á, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé ní 2019 pẹ̀lú orúkọ De sang et de rage. Láti Kétu lọ sí Bahia, láti Bahia lọ sí Amẹ́ríkà, láti Amẹ́ríkà lọ sí Paris, láti Paris dé Adido.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Ọba kan ti pa agbára awo run ní ilẹ̀ Orïsha, ó sì ti pa ìyá Zélie. Àwọn tí a bí mọ́ agbára náà pín sí ìdílé mẹ́wàá, òrìṣà kọ̀ọ̀kan ni ó ni ìdílé kọ̀ọ̀kan, irun funfun ni a sì fi ń dá wọn mọ̀. Ìdílé Ọya ni Zélie ti wá. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ, tí ó fi ohun tí yóò fi ké pe Ọya sílẹ̀ fún un: ìwo ẹfọ̀n nìyẹn, bí òǹkọ̀wé náà tilẹ̀ fi orúkọ mìíràn pè é.

Ohun tí mo ní lòdì sí ìwé náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní gbé e pamọ́. Àmì tóótòòtó méjì tí ó wà lórí lẹ́tà i nínú orúkọ ilẹ̀ náà kò bá Yorùbá kankan tí mo mọ̀ mu. Ìlọrin inú rẹ̀ jẹ́ abúlé apẹja tí ó léfòó lórí omi. Ẹni tí ó bá ti dé Ganvié yóò rí i dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ Ìlọrin yóò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tún wà tí mo yìn: ọfọ̀ tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń pè, Yorùbá ni, àní nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Amẹ́ríkà yóò kà á kọjá bí ohùn àjèjì. Ọmọ Adido yóò gbọ́ ọ.

Ní ti ìfẹ́, ìyípadà tí ó wà níbẹ̀ tó kí a jíròrò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Nínú àlọ́, ọmọbìnrin tí ó dá yan ọkọ fúnra rẹ̀, agbárí ni ó yàn. Ẹ̀kọ́ náà ni pé kí ó gbọ́rọ̀ sí òbí lẹ́nu. Hazoumé fi Doguicimi hàn bí aya tí ìfẹ́ rẹ̀ sí Toffa lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bá a wọ ibojì láàyè. Fágúnwà fún Ìyùnadé ní gègé, ó jẹ́ kí ó dáhùn. Adeyemi ní tirẹ̀ mú Zélie àti Inan, ọmọ ọba tí ó pa ìyá rẹ̀, kojú ara wọn. Ọmọ ọba náà sì ń fi agbára tí òun pẹ̀lú jogún pamọ́, ó kórìíra nínú ara rẹ̀ ohun tí ó fẹ́ràn lára ọmọbìnrin náà. Nínú Skin of the Sea tí Natasha Bowen kọ ní 2021, Simi, tí Yemọja sọ di ẹni inú omi, yọ ọmọkùnrin kan tí ó bọ́ sínú òkun láti inú ọkọ̀ ẹrú. Àwọn òǹkọ̀wé ìsinsìnyí gba ọmọbìnrin láyè láti yàn, kí ó sì jìyà àyànmọ́ ọwọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ìtàn náà ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn àgbà kan lè má fẹ́ èyí. Mo rò pé àlọ́ ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, àwọn ìwé tuntun sì sanwó ìrìn àjò wọn.

Ìdènà tí ó kù láàárín àwọn ọmọ wa àti Fágúnwà kéré gan-an. Ní 1975 ni orílẹ̀-èdè wa gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè rẹ̀ jáde. Ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń kọ ní ẹ, ɛ ni nínú rẹ̀. Ọ jẹ́ ɔ, ṣ jẹ́ sh, p jẹ́ kp. Ọmọ tí ó ti kọ́ láti kọ Shabɛ a máa dúró gbagidi níwájú Ṣábẹ̀ẹ́ bí ẹni tí ó rí àlejò. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni mo máa ń kọ sára pátákó, kí n tó ka ìtàn bí ìyá Àkàrà-ògùn ṣe kú sókè fún wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní pé, wọn a ti gbà á lọ́wọ́ mi, wọn a máa kà á fúnra wọn. Ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè lẹ́yìn rẹ̀ kò kan lẹ́tà rárá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá, bí ó ti ń lọ sí oko ilá náà ní òru, ìyá náà mọ̀ pé ọkọ òun ni ó wà nídìí ìbọn.