Ta Ni Yóò Pa Iná Ìgbẹ́? Ìtàn Ọ̀wẹ̀ àti Owó Oṣù ní Ìpínlẹ̀ Victoria

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé sí ìpínlẹ̀ Victoria ní gúúsù Ọsirélíà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, olùkọ́, mẹkáníìkì àti oníṣòwò ni ó máa ń fi iṣẹ́ oòjọ́ wọn sílẹ̀ láti lọ pa iná ìgbẹ́. Kò sí owó oṣù níbẹ̀. Bí àṣà yìí ṣe di òfin, àti ìdí tí àríyànjiyàn kò fi tán nídìí rẹ̀, yẹ fún àgbéyẹ̀wò.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1939, iná ìgbẹ́ pa ènìyàn 71 ní Victoria. Ilẹ̀ tí ó jó tó nǹkan bí mílíọ̀nù méjì hẹ́kítà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlagi tí ń gbé láàárín igbó kò kéré nínú àwọn tó kú. Ìjọba yan Adájọ́ Leonard Stretton láti wádìí rẹ̀, ohun tí ó sì rí kò dùn-ún gbọ́: ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló tan iná náà. Ó tún rí i pé kò sí aláṣẹ kan ṣoṣo lórí iná ní ìgbèríko. Ẹgbẹ́ panápaná abúlé dá dúró, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba náà dá dúró. Ìjọba kò tètè gbé ìgbésẹ̀. Iná mìíràn tún jà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944 kí òfin tó jáde, tí àjọ Country Fire Authority, CFA, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1945. Àwọn aláìgbowó ni òpó rẹ̀.

Irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Àáró àti ọ̀wẹ̀ ti wà ṣáájú kí owó òyìnbó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ a máa bọ́ àwọn tó wá, ilẹ̀ kì í sì í ṣú kí wọ́n má tíì padà sílé. Ọ̀wẹ̀ iná lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń pa panápaná níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí iná bá le jù, afẹ́fẹ́ gbígbóná láti àríwá ni yóò kọ́kọ́ ti iná síwájú bí ahọ́n tó gùn tí kò fẹ̀. Nígbà tó bá yá, afẹ́fẹ́ tútù yóò dé lójijì láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ahọ́n iná náà yóò wá di iwájú rẹ̀. Ẹni tó rò pé ẹ̀gbẹ́ iná ni òun dúró sí yóò bá ara rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú Eléérú, ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 1983, ènìyàn 75 kú ní Victoria àti South Australia. Panápaná aláìgbowó méjìlá wà nínú wọn, tí iná ká mọ́ Upper Beaconsfield nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà. Ní Linton, ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1998, panápaná márùn-ún láti Geelong West kú lọ́nà kan náà, nígbà tí wọ́n ń lọ bu omi kún ọkọ̀ wọn.

Ikú àwọn márùn-ún yìí yí iṣẹ́ náà padà. CFA fi lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dé ojú iná láìkọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ tó pọn dandan. Inú rere nìkan kò tó mọ́. Síbẹ̀, ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2009 tún gba ẹ̀mí 173.

Ọ̀rọ̀ owó kò ṣàìjẹyọ. Ní ìparí ọdún 2019, lẹ́yìn tí iná ti jà fún oṣù púpọ̀ ní New South Wales, ìjọba àpapọ̀ gbà láti san ọ̀ọ́dúnrún dọ́là lójúmọ́, tí kò ní ju 6,000 lọ lápapọ̀, fún àwọn aláìgbowó tí iṣẹ́ iná ti ba ọrọ̀ ajé wọn jẹ́. Ní Victoria, ìjà láàárín àwọn tó ń gba owó oṣù àti àwọn tí kò gbà nínú CFA le débi pé mínísítà kan kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ọdún 2016. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2020, ìjọba kó àwọn agbowó-oṣù lọ sí àjọ tuntun, Fire Rescue Victoria. CFA sì di ti àwọn aláìgbowó.

Ọ̀nà mìíràn wà ní àríwá Ọsirélíà. Láti ọdún 2006, àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Arnhem Land ń gba owó láti máa dá iná kékeré sí igbó ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣe, kí iná ńlá má baà rí nǹkan jó nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ tán. Ilé-iṣẹ́ gáàsì kan ní Darwin ló kọ́kọ́ san án, nítorí pé èéfín iná kékeré kéré sí ti ńlá. Ìmọ̀ ìbílẹ̀ di iṣẹ́ oṣù.

Lọ́dọọdún ni iná ọyẹ́ ń jó oko ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn aládùúgbò tó mú ewé tútù àti garawa omi ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ìtàn Victoria fi hàn pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ó gba òkú púpọ̀ kí ìjọba tó gbà pé ẹ̀kọ́, irinṣẹ́ àti ìtọ́jú jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ní ẹrù bíbọ́ àwọn tó jẹ́ ẹ.