Iṣan Ẹsẹ̀ Tí Ó Di Ìwòsàn Ọkàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn bí a ti ń tọ ipasẹ̀ ìtàn kan tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ tí ó sì parí sínú ọkàn: ìtàn bí àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣe kọ́ láti máa yọ iṣan ẹsẹ̀ aláìsàn, kí wọ́n lè fi la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí ń sọ ìtàn yìí, ti ọkàn nìkan ni wọ́n ń sọ. Èmi yóò sọ ti ẹsẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà.

Ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, ṣùgbọ́n òun pàápàá nílò oúnjẹ. Àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára rẹ̀ tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún un. Bí ọ̀rá bá dì sínú ọ̀kan nínú wọn, àyà yóò máa dun ẹni náà. Bí ó bá dí pátápátá, apá ibẹ̀ nínú ọkàn lè kú, ẹni náà sì lè kú lójijì. Bí igi ńlá bá wó dí ọ̀nà oko, tí kò ṣeé gbé, kí ni àgbẹ̀ ń ṣe? Yóò la ọ̀nà mìíràn yí igi náà ká. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣe gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ni wọn yóò fi la ọ̀nà náà?

Ìdáhùn kò tètè dé. Alexis Carrel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú tín-ín-rín kọ́ ayé bí a ti ń rán iṣan mọ́ iṣan. Ní 1910, ó ṣàlàyé bí òun ti dán irú ọ̀nà àbùjá yìí wò lára ajá. Ní 1912, ó gba ẹ̀bùn Nobel. Síbẹ̀, ó ṣòro láti ṣe é fún ènìyàn nígbà tí kò sí ẹni tí ó lè rí ibi tí ìdènà wà nínú ọkàn alààyè. Ọdún 1958 ni Mason Sones, ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà láti ya àwòrán àwọn iṣan ọkàn náà kedere. Ní 1962, David Sabiston lo iṣan ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n aláìsàn náà kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ní 1964, Vasilii Kolesov ní Leningrad lo iṣan inú àyà. Ní ọdún kan náà, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ní Houston lo iṣan ẹsẹ̀, aláìsàn sì yè, ṣùgbọ́n ọdún 1973 ni wọ́n tó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde.

Ẹni tí ó sọ ọ́ di iṣẹ́ tí gbogbo ayé lè kọ́ ni René Favaloro, ọmọ Argẹntínà. Ó ti fi nǹkan bí ọdún méjìlá ṣe dókítà ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Jacinto Aráuz, níbi tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ti ń dúró de ìpè láti fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún aláìsàn. Ní 1962, ó lọ sí Cleveland, ó sì máa ń jókòó ti àwọn àwòrán Sones láti wò wọ́n fínnífínní. Ó rí i pé wọ́n ti ń fi iṣan ẹsẹ̀ tún iṣan kíndìnrín tí ó dí ṣe níbẹ̀. Ó ronú pé ohun tí ó ṣeé ṣe fún kíndìnrín, yóò ṣeé ṣe fún ọkàn. Ní oṣù karùn-ún 1967, ó ṣe é fún obìnrin ẹni ọdún 51, ẹ̀jẹ̀ sì gba ọ̀nà tuntun náà kọjá.

Èéṣe tí ó fi jẹ́ iṣan ẹsẹ̀? Iṣan yìí gùn, láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé òkè itan. Kò jìn sínú ara. Àwọn iṣan mìíràn sì wà tí yóò máa bá ẹsẹ̀ dá ẹ̀jẹ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí ń ṣí sí apá kan ṣoṣo. Nítorí náà, wọ́n ní láti dorí rẹ̀ kodò kí wọ́n tó rán an mọ́ ọkàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀kùn ni wọn yóò tì mọ́ ẹ̀jẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ti wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń là gbọọrọ kí wọ́n tó rí iṣan náà yọ. Ọ̀gá ń ṣiṣẹ́ lọ́kàn. Àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ni a sábà máa ń fi iṣẹ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún, bí ẹni pé iṣẹ́ kékeré ni. Àwọn aláìsàn kan wà tí àyà wọn jinná, tí ẹsẹ̀ wọn ń kẹ̀, pàápàá àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ. Kì í sì í ṣe ìyẹn nìkan. Bí wọ́n bá ti yọ iṣan tán, wọn a bó ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò, wọn a sì fi síríńjì ti omi sínú rẹ̀ tagbáratagbára láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Agbára yẹn ń ba awọ inú iṣan jẹ́. Nígbà tí ó bá fi di ọdún kẹwàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì irú iṣan bẹ́ẹ̀ tí ó ti dí tàbí tí ó ti ń bàjẹ́.

Ọ̀nà méjì ni a gbà wá àtúnṣe. Àwọn kan ro ti ẹsẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní ojú àwòrán gba ojú abẹ kékeré kan nítòsí orúnkún yọ iṣan náà. Egbò dín kù, ìrora dín kù. Ṣùgbọ́n ní 1009 + 1000, ìyẹn 2009, ìwádìí kan dẹ́rù ba àwọn oníṣègùn: ó dà bí ẹni pé iṣan tí a yọ báyìí tètè ń dí. Ní 2019, ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe fún aláìsàn 1,150 ní Amẹ́ríkà, tí ọwọ́ àwọn tí ó yọ iṣan sì ti mọ́ iṣẹ́ náà dáadáa, fi hàn pé kò sí ìyàtọ̀ pàtàkì nínú ikú tàbí àìsàn ọkàn láàárín ọ̀nà méjèèjì.

Àwọn kejì ro ti iṣan. Ní ìlú Örebro ní Swídìn, Domingos Souza àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí a yọ iṣan tòun ti ọ̀rá tí ó yí i ká, kí a má ṣe fi agbára ti omi sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún 16, ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún irú iṣan bẹ́ẹ̀ ni ó ṣì ṣí sílẹ̀. Ti ọ̀nà àtijọ́ jẹ́ 64. Ṣùgbọ́n ojú abẹ gígùn ni èyí ń fẹ́, ẹsẹ̀ sì ni yóò ru ẹrù rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Ohun tí ó tu ẹsẹ̀ lára àti ohun tí ó mú iṣan pẹ́ kò tíì di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìtàn ti fi ohun kan hàn wá: ọwọ́ tí ó yọ iṣan kò kéré sí ọwọ́ tí ó rán an. Bí iṣẹ́ ọ̀gá ti wù kí ó dára tó, bí ọmọ abẹ́ rẹ̀ bá ti fi ipá ba iṣan jẹ́ lẹ́sẹ̀, ọkàn ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa fi ẹ̀sọ̀ mú iṣẹ́ tí a bá ń pè ní kékeré.