Tuvalu: Bí Erékùṣù Mẹ́sàn-án Ṣe Kọ́ Ìjọba Láti Ìpìlẹ̀

Láàárín agbami òkun Pàsífíìkì, ní agbedeméjì Australia àti Hawaii, ni orílẹ̀-èdè Tuvalu wà. Erékùṣù mẹ́sàn-án ni. Bí a bá kó ilẹ̀ gbogbo wọn jọ, kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 26 lọ, àwọn ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 11,000. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni “mẹ́jọ tó dúró pọ̀”, nítorí pé mẹ́jọ péré nínú mẹ́sàn-án náà ni àwọn ènìyàn ń gbé látayébáyé.

Irú wọn ni Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé kà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè erékùṣù kéékèèké tó ṣì ń gòkè àgbà. Ìpàdé ńlá mẹ́rin ni wọ́n ti pè lórí ọ̀rọ̀ wọn: ní Barbados ní 1994, ní Mauritius ní 2005, ní Samoa ní 2014, àti ní Antigua and Barbuda ní 2024. Bí wọ́n ṣe máa ní òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ kò gbẹ́yìn nínú ohun tí wọ́n ń jíròrò níbẹ̀.

Ọwọ́ òfìfo ni Tuvalu fi bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni òun àti àwọn erékùṣù Gilbert, tó di Kiribati lónìí, jọ wà, Tarawa tó wà lọ́dọ̀ àwọn ará Gilbert sì ni gbogbo ọ́fíìsì ìjọba wà. Nígbà tí àwọn ará Tuvalu dìbò ní 1974 pé àwọn fẹ́ dá dúró, ohun tí wọ́n rí gbà nínú ogún náà kò ju ọkọ̀ ojú omi kan lọ. Owó fósífétì tí wọ́n ń wà ní Ocean Island kò kàn wọ́n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1978 ni wọ́n gba òmìnira.

Ìṣòro irú ìjọba bẹ́ẹ̀ yé ẹni tó bá rò ó dáadáa. Ìròyìn tí àwọn àjọ àgbáyé ń béèrè lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè ńlá, lórí òfuurufú, ẹja, ìlera àti ẹ̀tọ́ ọmọdé, kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ Tuvalu. Ẹnì kan ṣoṣo lè máa ṣe iṣẹ́ tí odidi ẹ̀ka ń ṣe níbòmíràn. Bí ó bá lọ sí ìpàdé lókè òkun, iṣẹ́ dúró dè é. Ìrànlọ́wọ́ tó bá kó ìwé àti ìpàdé wá láìmú òṣìṣẹ́ wá, ẹrù ló fi kún ẹrù.

Ohun tó wúni lórí jù ni ọgbọ́n tí wọ́n fi tọ́jú owó. Ní 1987, Tuvalu pẹ̀lú Australia, New Zealand àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá àpò owó kan sílẹ̀, Tuvalu Trust Fund, pẹ̀lú mílíọ̀nù 27 dọ́là Australia. Òfin rẹ̀ ni pé a kì í jẹ ìyá owó. Èrè nìkan ni ìjọba lè ná, ìyẹn náà sì di ìgbà tí a bá ti yọ ohun tí ọ̀wọ́n gógó ọjà jẹ lára ìyá owó. Owó tó ń wọlé lórí lẹ́tà “.tv” tó jẹ́ ti Tuvalu lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ràn wọ́n lọ́wọ́ láti wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé ní 2000.

Wọn kò fi agbára mọ sí Funafuti, olú-ìlú wọn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1997 gbé ìṣàkóso erékùṣù kọ̀ọ̀kan lé falekaupule lọ́wọ́, ìyẹn ìpéjọ àgbà ìlú láti ayé àtijọ́. Kaupule, ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn, ló ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ní 1999 ni àwọn erékùṣù náà dá àpò owó tiwọn sílẹ̀: ohun tí ará ìlú bá dá, ìjọba á fi owó kún un. Àtàtà ni èyí, nítorí pé ẹni tó bá mọ bí owó ṣe jáde lápò rẹ̀ yóò béèrè ibi tó gbà.

Ní ti ẹ̀kọ́, Tuvalu wà lára àwọn orílẹ̀-èdè 12 tó jọ ni University of the South Pacific, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968. Ilé-ẹ̀kọ́ atukọ̀ tó wà ní Amatuku sì ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní iṣẹ́ ọkọ̀ òkun; owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ti bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé.

Òkun kò sì dúró dè wọ́n. Láti 2017 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dídáàbò bo etí òkun. Ní 2019, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú wọn gíga ilẹ̀ gbogbo erékùṣù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kí ìjọba lè mọ ibi tí omi yóò kọ́kọ́ bò. Ilẹ̀ tuntun tó lé ní héktà méje ni wọ́n fi yanrìn kó ní Funafuti.

Ní oṣù kọkànlá 2023, Tuvalu àti Australia fọwọ́ sí àdéhùn Falepili, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024. Ó fún àwọn ará Tuvalu 280 láǹfààní lọ́dọọdún láti lọ máa gbé Australia, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ tàbí kàwé, kí wọ́n sì máa padà wálé nígbà tó bá wù wọ́n. Nígbà tí ìbò àkọ́kọ́ parí ní 2025, àwọn tó forúkọ sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ará ilé wọn, ti lé ní 8,000.